Má Bẹ̀rù Eût: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Àkókó Tó Ń Kọ́ Faransé

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ẹ̀pinmì, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìsùà, Ìpè, Ọ̀kà, Ìkàrẹ́ àti Àkùngbá tí ẹ yan Faransé ní ẹ̀kọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní èdè yìí, mo sì mọ ibi tí ọmọ tó mọ̀wé pàápàá ti máa ń pa ìwé dé. Kì í ṣe ibi présent, kì í ṣe ibi passé composé. Ibi tí wọ́n bá ti kan eusse, eût àti fussent ni. Plus-que-parfait du subjonctif ni wọ́n ń pe àsìkò náà. Orúkọ rẹ̀ gùn, ìrísí rẹ̀ sì ń lé èèyàn sẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi ni pé kí ẹ kọ́ ọ kí ẹ lè kàwé, kì í ṣe kí ẹ lè máa fi sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ọ̀nà tí ẹ ó gbà kọ́ ọ yóò yàtọ̀. N ó máa bá yín sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó síwájú mi.

1. Má gbà pé Faransé jìnnà sí ọ. Ọmọ Ẹ̀pinmì kì í ṣe àlejò nídìí kíkọ́ èdè. Èdè tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èdè kà á mọ́ ẹbí èdè Ẹdó. Yorùbá la fi ń nájà, òun la fi ń gbàdúrà láàárín èrò. Gẹ̀ẹ́sì la bá nílé ìwé. Wọ ọkọ̀ láti ilé lọ sí Ìkàrẹ́, kí o gba Àrìgìdì kọjá lọ sí Ìkaramú àti Àkùnnù, wàá gbọ́ èdè lóríṣiríṣi tí ará ìlú kan kò gbọ́ ti ìlú kejì, tí gbogbo wọn sì ń pàdé nínú Yorùbá. Ọmọ tó dàgbà sáàárín irú èyí ti mọ̀, kí tíṣà tó la ẹnu, pé bí èdè kan ṣe ń to ọ̀rọ̀ kọ́ ni òmíràn ń tò ó. Ọmọ tó gbọ́ èdè kan ṣoṣo yóò kọ́kọ́ jà pẹ̀lú ìyẹn ná.

Àwọn tó ń sọ Faransé kò sì jìnnà sí wa. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà tó pín ilẹ̀ Yorùbá sí méjì ní ìwọ̀-oòrùn. Kétu, Sábẹ̀ẹ́, Ìsákété àti Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Àwa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ìyá wa ló ń ka Faransé ní kíláàsì lọ́hùn-ún. Ní ìparí ọdún 1996, ìjọba Abacha kéde pé Faransé ni èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Ó dùn mí títí dòní pé ìkéde náà kò bá olùkọ́ tó pọ̀ tó nílẹ̀, pàápàá ní àwọn ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ìlú. Bí o bá rí ẹni tí yóò kọ́ ọ, má fi àǹfààní náà ṣeré.

2. Kọ́ passé simple kí o tó fọwọ́ kan eléyìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń há plus-que-parfait du subjonctif sórí láìmọ ibi tó ti wá, ìdí nìyẹn tí kì í fi dúró lórí wọn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ọ̀rọ̀ kìíní ni aṣèrànwọ́, avoir tàbí être, tí a yí sí imparfait du subjonctif. Ọ̀rọ̀ kejì ni participe passé, èyí tí o ti mọ̀ látinú passé composé. Ìyẹn ni pé ìdajì iṣẹ́ ti parí kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Níbo ni ọ̀rọ̀ kìíní ti wá? Mú avoir ní passé simple, ní ẹni kejì ẹyọ: tu eus. Fi se sí i, ó di eusse. Mú être: tu fus. Fi se sí i, ó di fusse. Láti ibẹ̀ lọ, ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ni wàá máa yí. Kọ wọ́n sínú ìwé báyìí:

que j'eusse parlé, que tu eusses parlé, qu'il eût parlé, que nous eussions parlé, que vous eussiez parlé, qu'ils eussent parlé;

que je fusse parti, que tu fusses parti, qu'il fût parti, que nous fussions partis, que vous fussiez partis, qu'ils fussent partis.

Kà á sókè láàárọ̀, kà á sókè lálẹ́. Ẹni tó bá mọ méjìlá yìí dáadáa lè yí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé èyíkéyìí sí àsìkò yìí, nítorí aṣèrànwọ́ kò ní ìrísí mìíràn mọ́. Bí o bá wá ń kọsẹ̀ lẹ́yìn náà, wò ó dáadáa, participe passé ni ìwọ kò mọ̀: écrit, pris, mis, vu, su, ouvert, né, mort. Padà lọ kọ́ wọn. Ọmọ tó ń kọ eusse prendu, ẹ̀kọ́ kíláàsì kejì ló fi sílẹ̀, kì í ṣe subjonctif.

3. Ṣọ́ fìlà. Mo pe àmì circonflexe ní fìlà, àwọn Faransé pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọdé wọn. Nínú àsìkò yìí, ẹni kẹta ẹyọ nìkan ló ń dé e: eût, fût. Bí o bá ṣí i, o ti bọ́ sínú àsìkò mìíràn. Il eut fini jẹ́ passé antérieur, ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ tó sì parí kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Qu'il eût fini jẹ́ subjonctif. Etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ojú nìkan ló lè ṣe é.

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti le jù ni ibi après que àti avant que. Lẹ́yìn après que, ohun náà ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà kò sí fìlà: après qu'il eut mangé. Lẹ́yìn avant que, kò tíì ṣẹlẹ̀ ní àkókò tí à ń sọ, nítorí náà fìlà ń bẹ: avant qu'il eût mangé. Àwọn ọmọ Faransé gan-an, àwọn tó kàwé, ń fi fìlà sí ti après que, torí pé etí wọn ti mọ́ kí subjonctif máa tẹ̀ lé que. Ìwọ má tẹ̀ lé wọn.

Bí ó bá rú ọ lójú, mú il kúrò kí o fi nous sípò rẹ̀. Bí ohun tí gbólóhùn náà ń fẹ́ bá jẹ́ nous eûmes mangé, passé antérieur ni, il eut kò gbọdọ̀ ní fìlà. Bí ó bá jẹ́ nous eussions mangé, subjonctif ni, il eût ni kí o kọ. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé eûmes fúnra rẹ̀ ní fìlà, bẹ́ẹ̀ ni eûtes pẹ̀lú, nínú passé simple. Nítorí náà má kàn rí fìlà kí o máa pariwo subjonctif. Wo ẹni tó ń ṣe é àti ìparí ọ̀rọ̀ náà pọ̀.

4. Ká ètè rẹ jọ. Fáwẹ́lì kan náà ló wà nínú eusse, eût àti fût, u ti Faransé, tí Yorùbá kò ní. Bí o bá pè é bí u tiwa, ou ni wọn yóò gbọ́. Pe i bí ìgbà tí o fẹ́ sọ pé “ilé”, má sún ahọ́n rẹ, kí o wá ká ètè jọ bí ẹni tí ń súfèé. Ohùn tó bá jáde, òun ni. Lẹ́tà e tó bẹ̀rẹ̀ eusse kò ní ohùn rárá.

5. Mọ àwọn tí ń bá être rìn. Aller, venir, arriver, partir, entrer, sortir, naître, mourir, rester, tomber, devenir, àti gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní se níwájú, fusse ni wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó kù ń lo eusse. Òfin tí o kọ́ ní passé composé náà ni, kò sí tuntun níbẹ̀. Bákan náà ni ti ìbáramu: qu'elle fût partie ní e lẹ́yìn. Bí o bá sọ pé je doutais qu'il les eût vendues, tí les sì dúró fún iṣu, es ni ìparí rẹ̀, nítorí pé abo ni igname nínú Faransé, àbọ̀ náà sì ti ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Monter, descendre, sortir àti passer lè gba méjèèjì: qu'il fût descendu túmọ̀ sí pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, qu'il eût descendu le sac, àpò ló gbé sọ̀ kalẹ̀.

6. Mọ iṣẹ́ méjèèjì tó ń ṣe, kí o má sì da wọ́n pọ̀. Bí o bá gbàgbé gbogbo ohun mìíràn tí mo sọ, má gbàgbé eléyìí, nítorí ibẹ̀ ni òye wà. Àwọn ìwé gírámà máa ń to ìparí ọ̀rọ̀ jọ lọ rẹpẹtẹ, wọn a sì fi ìlà kan péré ṣàlàyé ohun tí wọ́n wà fún. Ìyẹn kò ran ọmọ Yorùbá lọ́wọ́.

Iṣẹ́ kìíní rẹ̀ wà nínú awẹ́ gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú que, tí olórí gbólóhùn bá ti wà ní àsìkò tó ti kọjá, tí ohun tí awẹ́ náà ń sọ sì ti parí ṣáájú. Olórí gbólóhùn náà ló ń pe subjonctif: iyèméjì, ẹ̀rù, ìfẹ́ ọkàn, ayọ̀, ìbànújẹ́, tàbí ọ̀rọ̀ bíi bien que. Je doutais qu'il fût parti: mo ṣiyèméjì pé ó ti lọ. Nous étions contents que tu eusses réussi: inú wa dùn pé o ti yege. Wo ti ìkejì yẹn dáadáa. Ó yege lóòótọ́, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ayọ̀ tó wà nínú olórí gbólóhùn ló fa subjonctif. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá sọ fún ọ pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nìkan ni subjonctif wà fún kò tíì sọ gbogbo rẹ̀. Bien qu'elle fût arrivée à Ikaré avant midi, elle ne trouva plus de taxi: bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dé Ìkàrẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, kò rí takisí mọ́. Ní Yorùbá, “pé ó ti” tàbí “bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti” ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀-ìṣe wa kò yí ojú padà.

Iṣẹ́ kejì ni èyí tí yóò dùn mọ́ ọ, torí pé a ní tiwa nílé. Nínú ìwé tó jinlẹ̀, Faransé máa ń fi àsìkò yìí sọ ohun tí ìbá ti ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣẹlẹ̀. S'il fût venu plus tôt, nous eussions mangé ensemble: ká ní ó tètè dé ni, à bá ti jọ jẹun. Ó lè wà ní apá ibi tí si wà, ó lè wà ní apá kejì, ó sì lè wà ní méjèèjì. Nígbà mìíràn wọn kì í lo si rárá, wọn a kàn yí olùwà sẹ́yìn: eût-il appris la nouvelle, il serait resté. Ìbá ṣe pé ó gbọ́ ìròyìn náà ni, ìbá dúró.

Ǹ bá, ò bá, ìbá, à bá, ẹ̀ bá, wọn ìbá: wo bí àwa náà ṣe ń tò ó lẹ́nì kọ̀ọ̀kan bí àwọn Faransé ṣe ń to j'eusse, tu eusses, il eût. Ọmọ Yorùbá tó ti gbọ́ lẹ́nu àgbà pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn ti mọ ohun tí nous eussions su ń sọ kí ó tó ṣí ìwé. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni kí o gbà kọjá láti dé ibẹ̀. Lọ tààrà láti ìbá sí eût.

Àmọ́ ṣọ́ra níbì kan. Ìbá wà fún iṣẹ́ kejì nìkan. Bí o bá fi túmọ̀ iṣẹ́ kìíní, ìtúmọ̀ rẹ yóò wọ́. Je doutais qu'il fût parti kì í ṣe “mo ṣiyèméjì pé ìbá ti lọ”. Mo ti rí èyí nínú ìwé ìdánwò àwọn ọmọ tó dáńgájíá, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí fût báyìí, ìbá ni wọ́n máa ń já lù. Kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló pè é? Bí ó bá jẹ́ que àti olórí gbólóhùn ló pè é, “ti” ló máa bá a mu. Bí kò bá sí ẹni tó pè é, tó dá dúró tàbí tó tẹ̀ lé si, ìbá ni.

7. Kì í ṣe gbogbo ne ni “kò”. Je craignais que la pluie n'eût gâté le cacao. Ọmọ tó bá kánjú yóò sọ pé òjò kò ba kòkó jẹ́. Rárá o. Mo ń bẹ̀rù pé òjò ti ba kòkó jẹ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀rù, àti lẹ́yìn avant que àti à moins que, Faransé máa ń sọ ne kan sínú gbólóhùn tí kò sẹ́ nǹkan kan. Bí ó bá fẹ́ sẹ́ lóòótọ́, wàá rí pas lẹ́yìn aṣèrànwọ́.

8. Má fi sọ̀rọ̀. Bí o bá dé Kùtọnu, tí o wà lọ́jà Dantokpa tàbí lórí ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan, kò sí ẹni tí yóò sọ eussiez sí ọ létí, kò sì sí ẹni tó ń retí rẹ̀ lẹ́nu rẹ. Ní ilẹ̀ Faransé pàápàá, ó ti kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn tipẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Èrèlé ọdún 1901, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn gbé ìwé àṣẹ jáde pé kí wọ́n má ka àwọn ìyàtọ̀ kan sí àṣìṣe nínú ìdánwò, fífi présent rọ́pò imparfait du subjonctif níbi kan sì wà lára wọn. Òmíràn jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1976, èyí sì gbòòrò jù ú lọ: ó gba qu'il ait níbi tí òfin àtijọ́ ti ń béèrè qu'il eût. Bí àwọn tó ni èdè bá ti tú ọ sílẹ̀, kí ló dé tí ìwọ ó fi so ara rẹ?

Ohun tí wàá fi sọ̀rọ̀ nìyí. Fún iṣẹ́ kìíní, lo subjonctif passé: je doutais qu'il soit parti, nous étions contents que tu aies réussi. Fún iṣẹ́ kejì, lo plus-que-parfait ti indicatif lẹ́yìn si, kí o sì lo conditionnel passé ní apá kejì: s'il était venu plus tôt, nous aurions mangé ensemble. Má fi aurait sẹ́yìn irú si yìí láé. Àwọn tó wà ní yunifásítì nínú yín yóò lọ gbé ní Abúlé Èdè Faransé ní Ajára, Badagry, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi Faransé gbé ayé rẹ̀ lójoojúmọ́. Ait àti aurait ni kí ó yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu kí o tó dé ibẹ̀. Ọmọ tó bá ń ronú eût kí ó tó béèrè omi, ẹnu rẹ̀ kò ní já gaara.

9. Má fi ṣe fáàrí, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tẹ́ ọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ju fussions sáàárín ọ̀rọ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lè mọ̀ pé wọ́n kàwé. Ìmọ̀ kọ́ nìyẹn. Léopold Sédar Senghor, ọmọ Sérère láti ìlú Joal ní Sẹ̀nẹ̀gà, tí wọ́n bí ní ọdún 1906, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó yege agrégation ti gírámà, ní ọdún 1935. Ìdánwò tí wọ́n fi ń yan olùkọ́ àgbà nílẹ̀ Faransé ni, ó sì le koko. Ní ọdún 1983, wọ́n yàn án sí Académie française, òun náà sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí Faransé kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀ wá bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè wọn. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé àsìkò yìí ga ju ọmọ oko lọ, rántí ọmọ Joal.

10. Ìwé ni kí o lọ bá a nínú. Ìdí tí mo fi ní kí o kọ́ ọ nìyí. Àwọn tó kọ ìtàn ilẹ̀ wa ní Faransé láyé àtijọ́ lo passé simple, wọ́n sì lo subjonctif tó ń bá a rìn. Bí o kò bá mọ̀ wọ́n, ìwé wọn yóò ti mọ́ ọ. Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́, kọ Doguicimi ní ọdún 1938 lórí ìjọba Dáhòmì ní ayé ọba Ghézo. Camara Laye kọ L'Enfant noir ní ọdún 1953. Ní ọdún 1953 yẹn kan náà ni Raymond Queneau sọ ìwé Tutuọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, di Faransé. L'Ivrogne dans la brousse ni ó pè é. Olympe Bhêly-Quenum, ọmọ Wídà, gbé Un piège sans fin jáde ní ọdún 1960. Èmi yóò fi L'Enfant noir ṣáájú fún ọ, nítorí pé ìtàn rẹ̀ kò díjú, ìgbé ayé abúlé àti ilé alágbẹ̀dẹ tó wà nínú rẹ̀ kò sì jìnnà sí èyí tí ọmọ Àkókó mọ̀.

Mú pẹ́ńsùlù. Nígbàkígbà tí o bá rí eût, fût, eussent tàbí fussent tí participe passé tẹ̀ lé, fa ìlà sí i nídìí, kí o kọ “ti” tàbí “ìbá” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, kí o sì kọ ohun tí wàá sọ ní Kùtọnu dípò rẹ̀. Má wo ìwé atúmọ̀ kí o tó dáhùn. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta tí mo fọwọ́ ara mi kọ yìí. Ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe plus-que-parfait du subjonctif rárá. Wá a rí, kí o sì sọ ìdí rẹ̀ fún olùkọ́ rẹ.

Bien que la route eût été réparée, le chauffeur refusa de partir.

Sans ton aide, elle fût restée à Ikaré.

Dès qu'il eut vendu ses ignames, il rentra à Epinmi.